Ààlà Tí Kò Ní Pèrègún

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọyẹ́ ti dé, iṣu tó wà nínú eérú yìí kò sì tíì jinná. Àkànní, má tú u mọ́, fi í sílẹ̀. Lọ́sàn-án yìí, Àdùkẹ́ tó ti Ìlú Ọba dé bi mí ní ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Ó ní, "Bàbá àgbà, bí dádì bá ń wa ọkọ̀ gbé wa jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, a máa ń rí pátákó lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n kọ Kent tàbí Essex sí. Ṣùgbọ́n kò sí odi níbẹ̀. Ilé tó wà níhìn-ín kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́hùn-ún. Ta ló wá ní ibí ni Essex ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní kó dúró di alẹ́. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀sán.

Ọdún 29 ni mo fi ṣe akọ̀wé káńsù. Mo ti bá àwọn sávéyọ̀ wọ igbó tí kò sí ọ̀nà. Mo ti jókòó sídìí ẹjọ́ ilẹ̀ títí àtùpà fi kú mọ́ wa lójú. Àwọn baba wa ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà, pèrègún ni wọ́n sì fi ń pa á. Bí igbó bá dí, bí ẹni tó gbìn ín bá kú, bí àwọn ọmọ bá ń purọ́ mọ́ra wọn, pèrègún á dúró síbẹ̀, yóò jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ààlà tí Àdùkẹ́ rí yìí kò ní pèrègún. Òmíràn nínú irú ààlà bẹ́ẹ̀ sì ti wà fún ohun tó ju 1,000 ọdún lọ, tí ọba ń kú, tí ogun ń jà, tí èdè ààfin pàápàá ń yí padà. Ohun ìyanu ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un yín bó ṣe yé mi.

Káúńtì ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tó wà nínú ààlà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti ọba kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí Ìjẹ̀bú ṣe ní Awùjalẹ̀, tí Ìjẹ̀ṣà ní Ọwá, bẹ́ẹ̀ ni Kent ní ọba tirẹ̀, Sussex ní tirẹ̀, Essex náà ní tirẹ̀. Essex yẹn, ilẹ̀ àwọn Saxon ti ìlà oòrùn ló túmọ̀ sí. Nígbà tó yá, ìdílé ọba tó wà ní ìwọ̀ oòrùn, ìyẹn Wessex, borí àwọn yòókù. Adé wọ̀nyẹn wọlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò bá wọn wọlẹ̀. Ìjọba tó ṣubú di ẹkùn kan lábẹ́ ọba tuntun. Nítorí náà, Àdùkẹ́, pátákó tí ò ń rí nínú ọkọ̀ yẹn, orúkọ ìjọba kan tó ti kú ló wà lára rẹ̀.

Wessex fúnra rẹ̀ ti pín ilẹ̀ tirẹ̀ ṣáájú. Wọ́n ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan ní scir, òun ni wọ́n ń pè ní shire lónìí. Ìlú kan ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìdí rẹ̀. Wilton ló bí Wiltshire. Hamtun, tó di Southampton, ló bí Hampshire, orúkọ Hampshire yìí sì wà nínú ìwé ìtàn àtijọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 757. Lẹ́yìn èyí, àwọn Dane gba òkun wá, wọ́n gba àárín ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Edward ọmọ Alfred àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Æthelflæd, tó mọ ogun í jà, ló gbà á padà láàárín ọdún 910 sí 920. Bí wọ́n ti ń gba ilẹ̀ ni wọ́n ń mọ odi. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, àwọn ìlú olódi náà di ìdí shire tuntun: Bedford, Huntingdon, Cambridge, Northampton. Bí ẹ bá la àwòrán ilẹ̀ wọn, ẹ ó rí ìlú náà láàárín, tí shire yí i ká bí oko ṣe ń yí abà ká. Yorkshire tóbi jù fún wọn. Wọ́n dá a sí mẹ́ta, wọ́n sì ń pe apá kọ̀ọ̀kan ní riding. Ọ̀rọ̀ àwọn Dane ni, ìdá kan nínú mẹ́ta ló túmọ̀ sí. Wọ́n borí àwọn Dane tán, wọn ò lè borí ọ̀rọ̀ wọn.

Kí ló wá di ilà náà mú? Ọba Edgar, tó wà lórí oyè láti 959 sí 975, pàṣẹ pé kí ìpàdé shire máa wáyé ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí bíṣọ́ọ̀bù sì jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú olórí tí ọba fi síbẹ̀. Ìpín kékeré tó wà nísàlẹ̀ shire, tí wọ́n ń pè ní hundred, a máa pàdé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń pàdé: lábẹ́ igi ńlá, lórí òkìtì, níbi tí odò ti ṣe é là kọjá. Wọ́n ń dá ẹjọ́ níbẹ̀, wọ́n ń jẹ́rìí sí ilẹ̀, wọ́n ń gbọ́ àṣẹ ọba.

Ẹ má jẹ́ kí n tètè kọjá ibẹ̀, nítorí èmi gbà pé ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń lọ sábẹ́ igi yìí lọ gbọ́ ẹjọ́, ará ìhín ni. Ẹni tó ń lọ sábẹ́ igi tọ̀hún, ará ọ̀hún ni. Ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń fa ilà náà, wọ́n ń tún un fà lọ́dọọdún. Ìpàdé ni pèrègún wọn.

Ẹni tí ọba fi sórí shire láti máa ṣojú òun, scirgerefa ni wọ́n ń pè é, alámòójútó shire. Ahọ́n lọ́ ọ títí ó fi di ṣẹ́rífù. Bẹ́ẹ̀ ni, Àkànní, ṣẹ́rífù inú fíìmù kọ́bọ́ọ̀yì yẹn ni. A ó bá a dé Amẹ́ríkà, má ṣe ìyọnu.

Ní 1066, William dé láti Normandy, ó ṣẹ́gun, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ó sọ èdè ààfin di Faransé. Ó tún ohun gbogbo tò, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan shire. Ó ti rí i pé ohun tí òun nílò ti wà nílẹ̀. Orúkọ nìkan ni àwọn ènìyàn rẹ̀ yí padà: comté ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ ìjòyè tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ comte, ibẹ̀ ni káúńtì ti jáde. Nígbà Kérésìmesì 1085, ó wà ní Gloucester, ó ní kí wọ́n lọ ka ilẹ̀ náà. Wọ́n ń lọ láti shire dé shire, wọ́n ń mú àwọn ará abúlé búra, wọ́n ń bi wọ́n léèrè: ta ló ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ta ló ni ín báyìí, ohun ìtúlẹ̀ mélòó ló wà, ilé ìlọkà mélòó, ẹlẹ́dẹ̀ mélòó ni igbó yìí lè bọ́? Iṣẹ́ náà ló gba ọdún 1086. Àwọn mẹ̀kúnnù sọ ìwé náà ní Domesday, ìwé ọjọ́ ìdájọ́, nítorí ohun tó bá ti wà nínú rẹ̀ kò ṣe é jà níyàn. Ó ṣì wà ní Kew lẹ́bàá Lọ́ńdọ́ọ̀nù, shire ni wọ́n sì fi to ojú ewé rẹ̀.

Ìyanu tí mo fẹ́ràn jù lọ kò sí nínú ìwé. Inú igi ló wà. Bọ́lá, nawọ́ ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yẹn sí mi, kí o sì bá mi mú ọ̀bẹ.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà Àjíǹde àti ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ṣẹ́rífù gbọ́dọ̀ kó owó káúńtì rẹ̀ wá síwájú àwọn olùṣírò ọba. Wọ́n ti bu iye tí ọba ń retí lé e lórí. Ohun tó bá gbà kọjá rẹ̀, àpò ara rẹ̀ ló ń lọ, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Àwọn olùṣírò tẹ́ aṣọ aláwẹ́ sórí tábìlì, ó rí bí pátákó dìráfù, wọ́n ń ti owó ìṣirò láti ojú kan sí èkejì bí ẹni ń jó ọmọ ayò nínú ọpọ́n. Aṣọ yẹn ni wọ́n fi sọ ilé ìṣúra wọn ní Exchequer. Ṣẹ́rífù tí kò mọ̀wé pàápàá lè jókòó kó fi ojú ara rẹ̀ rí bí owó ṣe ń lọ.

Bó bá san án tán, igi ni rìsíìtì rẹ̀. Igi tí wọ́n ń pè ní hazel ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, báyìí. Fún 1,000 pọ́n-ùn, gígé náà á fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Fún 100, ó tó àtàǹpàkò. Fún 20, ó tó ìka ọmọńdinrín. Pọ́n-ùn kan ṣoṣo, ó tó hóró ọkà bálì tó gbó dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á la igi náà gbọọrọ sí méjì, kí gígé náà lè wà lára apá méjèèjì. Ẹ wò ó. Ṣẹ́rífù mú apá kan lọ sílé, ilé ìṣúra tọ́jú èkejì. Bí àríyànjiyàn bá dé, wọ́n á kó méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá lọ fi ọ̀bẹ kún tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀, àṣírí rẹ̀ tú. Iṣan igi náà pàápàá gbọ́dọ̀ bára wọn mu, kò sì sí igi méjì tí iṣan wọn rí bákan náà. Àwọn baba wa tó ń fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ pa àrokò ránṣẹ́ ì bá gba igi yìí lọ́wọ́ wọn, wọn ì bá yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ì bá mi orí.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹni ire ni ṣẹ́rífù. Mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ àpò rẹ̀ sọ́kàn. Ẹ ti gbọ́ nípa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn ń fi sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, bí wọ́n ṣe ń gba ìṣákọ́lẹ̀, tí wọ́n tún ń gba ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn, títí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí fi yọ idà sí wọn ní 1878, tí ogun Kírìjì fi gbóná. Irú ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀ wà lọ́kàn àwọn ará káúńtì. Ní 1170, Ọba Henry Kejì wádìí àwọn ṣẹ́rífù rẹ̀, ó sì yọ púpọ̀ nínú wọn. Ní 1215, nígbà tí wọ́n fipá mú Ọba John fi èdìdì sí Magna Carta, ọ̀rọ̀ wọn tún wọlé: ṣẹ́rífù kankan kò gbọdọ̀ mú ẹṣin tàbí kẹ̀kẹ́ ẹrù ẹni òmìnira láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ mi. Nínú ìwé òfin tí gbogbo ayé ń dárúkọ, kẹ̀kẹ́ ẹrù wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan ti dúró rí lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀, tó ń wo ẹṣin rẹ̀ tó ń lọ. Ojú mi a máa rí i.

Láti ìgbà yẹn ni agbára ti ń yọ́ kúrò lọ́wọ́ ṣẹ́rífù. Ní 1254, wọ́n ní kí káúńtì kọ̀ọ̀kan yan ọkùnrin méjì wá jíròrò ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú ìjọba. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Simon de Montfort tún pè wọ́n ní 1265, ó ní kí àwọn ìlú ńlá rán tiwọn pẹ̀lú. Ìpàdé abẹ́ igi ti rán ẹnu lọ sí ààfin nìyẹn. Láti 1361, òfin fi àwọn adájọ́ àlàáfíà sí káúńtì kọ̀ọ̀kan, àwọn onílẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ń jókòó nígbà mẹ́rin lọ́dún, wọ́n ń dá ẹjọ́, wọ́n ń tún afárá ṣe, wọ́n ń fún ilé ọtí ní ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún 500 ọdún, ẹnikẹ́ni kò sì dìbò yàn wọ́n. Ṣẹ́rífù ṣì wà ní tirẹ̀. Títí di òní, ọba a máa fi abẹ́rẹ́ ńlá lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tí yóò ṣe é ní ọ̀pọ̀ káúńtì, ọdún kan péré ni, ayẹyẹ ló sì kù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ ò bi mí léèrè igi wa. Ní 1826 ni wọ́n pa igi tì pátápátá, wọ́n ní ìwé ti tó. Àwọn igi tó kù wà nílẹ̀ gbáà ní Westminster, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a lè fi wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 1834, wọ́n ní kí wọ́n kó wọn sínú ààrò tó ń mú ilé àwọn ìjòyè aṣòfin móoru, kí wọ́n sun wọ́n. Ẹrù kẹ̀kẹ́ méjì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kó o sínú iná láti àárọ̀, igi tó ti gbẹ fún àìmọye ọdún. Ní ọ̀sán, ilẹ̀ yàrá òkè gbóná lábẹ́ bàtà àwọn tó wá wòran. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iná sọ. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì jóná, gbogbo Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì jáde sí etí odò Thames wá wò ó. Aago ńlá tí Àdùkẹ́ ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ara ilé tuntun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn iná yẹn ni. Rìsíìtì owó orí jó ilé tí wọ́n ti ń ṣòfin owó orí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń tọ́jú fáìlì ní káńsù ni mo ń rántí rẹ̀.

Ní 1888 ni òfin wá sọ pé kí àwọn ará káúńtì máa dìbò yan káńsù tiwọn. Oṣù Kìíní 1889 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò, Lọ́ńdọ́ọ̀nù náà sì di káúńtì. Obìnrin tí kò ní ọkọ, tó ń san owó ilé, lè dìbò níbẹ̀. Obìnrin méjì sì wọlé sí káńsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù: Jane Cobden àti Lady Sandhurst. Ọkùnrin tí Lady Sandhurst fìdí rẹ̀ janlẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ní obìnrin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó. Wọ́n yọ ọ́. Ó dùn mí bí ẹni pé ọmọ mi ni. Ó di 1907 kí òfin tó ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Mo ti fi ojú ara mi rí káúńtì tó kú tó sì jí. Rutland ni. Dádì Àdùkẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ó kéré débi pé lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá láìmọ̀; nǹkan bí 41,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2021. Nínú Domesday pàápàá, kò tíì dá dúró dáadáa, wọ́n so apá kan rẹ̀ mọ́ Nottinghamshire. Nínú gbọ̀ngàn àtijọ́ tó wà ní ìlú Oakham, mo gbójú sókè, irin ẹsẹ̀ ẹṣin ló kún ara ògiri. Ó lé ní 200. Àwọn kan tóbi ju àwo ẹ̀bà lọ, wọ́n kun òmíràn ní wúrà, wọ́n gbẹ́ adé sórí rẹ̀. Àṣà wọn ni pé ọba tàbí ìjòyè ńlá tó bá kọ́kọ́ dé ìlú náà gbọ́dọ̀ fi irin ẹsẹ̀ ẹṣin kan sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó kéré jù lọ ló ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó tóbi jù lọ, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 1974, ìjọba tún ilẹ̀ náà pín, wọ́n pa Rutland rẹ́, wọ́n sọ ọ́ di ara Leicestershire. Lórí ìwé, ó tán. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò gbà. Wọ́n ń pe ara wọn ní ará Rutland, wọ́n ń bá ìjọba fà á. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 1997, wọ́n gbà á padà, káńsù tiwọn sì padà sílé. Ẹ rí i? Ọba kọ́ ló di ilà yẹn mú.

Amẹ́ríkà, Àkànní. Ní 1634, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó sí Virginia pín ilẹ̀ náà sí shire mẹ́jọ. Lónìí, káúńtì tó wà ní Amẹ́ríkà lé ní 3,000. Ní 2020, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 10 ni wọ́n kà nínú ti Los Angeles, ènìyàn 64 ni wọ́n kà ní Loving ní Texas, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ní ṣẹ́rífù. Ibẹ̀ ni ayé ti yí fún un: ará káúńtì ló ń dìbò yàn án. Ẹni tí ọba ń rán sí wọn ti di ẹni tí wọ́n ń rán.

Ilà yẹn kan ilé wa náà. Ní 1952, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà fún ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n ṣe òfin kan ní Ìbàdàn tó tẹ̀lé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: káńsù ńlá lókè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀, ará ìlú ni yóò sì yan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jókòó níbẹ̀. Ọmọdé ni mí. Bàbá mi wọ agbádá tó ń wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde lọ dìbò. Nígbà tó dé, kò bọ́ ọ, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní òun náà ti yan ẹni tí yóò ṣírò owó orí òun. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni mo pinnu iṣẹ́ tí mo ṣe.

Ìjọba ológun tún ìjọba ìbílẹ̀ tò ní 1976, ó ti di 774 jákèjádò Nàìjíríà báyìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń yan alága fún wa láti òkè bí ẹni yan ajẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn tí ará ìlú dìbò yàn nìkan ló gbọdọ̀ ṣàkóso rẹ̀. Mo gbọ́ ọ nínú rédíò, mo dìde dúró nínú yàrá mi, èmi nìkan.

Iṣu ti ń rùn dáadáa. Àdùkẹ́, súnmọ́ mi. Igi tí mo là yìí, gígé kan tó ìka ọmọńdinrín ló wà lára rẹ̀: 20. Ogún ọjọ́ ni o fẹ́ fi bá mi gbé nígbà Kérésìmesì tó ń bọ̀, ìwọ lo ṣèlérí rẹ̀. Apá kan nìyí, mú un lọ sí Ìlú Ọba. Èkejì á wà lókè àjà mi. Bí o bá dé, a ó kó wọn pọ̀ wò ó. Àkànní, wa eérú kúrò báyìí. Ta ló rí ìgò epo?